Ibi Tí Wọ́n Fi Àṣẹ́kù Sí

Òórùn náà pàdé wọn lójú ọ̀nà kí wọ́n tó fojú kan ẹnubodè. Kò rọra wá rárá. Ó bò wọ́n lójú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí aṣọ tútù. Mojírádé fa ìbòmú rẹ̀ sókè, ó so ó le sí ìpàkọ́, ṣùgbọ́n ìbòmú kò rí nǹkan kan ṣe sí i. Ìgbẹ́ ni. Ìgbẹ́ gbogbo ìlú Òrùka ni, ti ọmọdé, ti àgbà, ti olóyè, ti aláìsàn, gbogbo rẹ̀ para pọ̀ nínú gọ́tà kan tó ń wọ́ lọ sí Ìsàlẹ̀-Ẹrẹ̀ bí ẹni tó ń relé.

"Ọ̀gá, ẹ má fi imú mí mọ́," Fágbèmí sọ lẹ́yìn rẹ̀. Òun ló ń bá a gbé àpótí òṣùwọ̀n iná, òun náà ló ń tú wáyà gígùn sílẹ̀ bí wọ́n ti ń lọ. "Ẹnu ni kí ẹ máa fi mí."

"Kí n wá máa jẹ ẹ́?"

Fágbèmí rẹ́rìn-ín, ó sì kábàámọ̀ ẹ̀rín náà lójú ẹsẹ̀, torí ènìyàn ò lè rẹ́rìn-ín kó má fa afẹ́fẹ́ símú.

Ẹnubodè Ìsàlẹ̀-Ẹrẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti àwọn àdúgbò yòókù tó yí ìlú ká. Òpó irin méjì ni, pẹ̀lú ìṣó bàbà kan tó yọrí lára òpó ọwọ́ òsì. Kẹ̀kẹ́ òdo, tí wọ́n fi ń yan ibi tí òṣùwọ̀n á ti máa kà, wà nínú àpótí onígíláàsì lára òpó ọwọ́ ọ̀tún. Nísàlẹ̀, ọmọrí irin kan bo ẹnu gọ́tà, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì so ó mọ́ òṣùwọ̀n ẹnubodè, débi pé bí abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n bá ṣe gbéra tó ni ọmọrí yóò ṣe ṣí tó. Iṣẹ́ tó dára ni, bí a bá wo irin rẹ̀ nìkan. Ẹni tó ṣe é mọ irin í rọ. Ní àwọn àdúgbò tó kù, ọmọrí náà pa dé dáadáa, alángbá ń yá oòrùn lórí rẹ̀. Níhìn-ín, ó la ẹnu sílẹ̀ gbagada, ìgbẹ́ ìlú sì ń gba ibẹ̀ wọ àdúgbò.

Àwọn ará àdúgbò ti tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, wọ́n sì kọ ẹ̀yìn sí ẹnubodè. Bẹ́ẹ̀ ni òfin wí. Àdúgbò tí àṣẹ́kù, iná tó lé lórí òṣùwọ̀n, bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ wo abẹ́rẹ́, Afòdolélẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kí wọn. Mojírádé ni Afòdolélẹ̀, ẹni tó ń yí kẹ̀kẹ́ òdo lọ́dọọdún. Ó kọjá lẹ́yìn wọn bí ẹni tó ń kọjá lẹ́yìn ògiri, ó ń wo gìgísẹ̀ wọn tó ti bó, ó ń wo egbò tó yí ọrùn ẹsẹ̀ wọn ká níbi tí ìdọ̀tí máa ń dé bí òjò bá rọ̀.

Fágbèmí fi orí wáyà tí wọ́n ti ń tú bọ̀ láti ẹnubodè Òkè-Yangí kan òṣùwọ̀n. Ó fi orí kejì kan ìṣó bàbà. Abẹ́rẹ́ fò, ó lọ lẹ̀ mọ́ ìpẹ̀kun.

"Àṣẹ́kù ṣì wà níbí," Mojírádé kéde.

Ọmọ kan wúkọ́. Lẹ́yìn náà obìnrin àgbà kan nínú ìlà náà yí padà, ṣọ́bìrì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tẹjú mọ́ Mojírádé.

"Ìyá, ẹ kọ ẹ̀yìn síbí o," Fágbèmí sọ jẹ́jẹ́.

"Ẹ̀yìn tí mo ti ń kọ síbẹ̀ láti ọjọ́ yìí, kí ló mú wá fún mi?" Ìyá Bángbádé ni wọ́n ń pè é, òun ni olórí àwọn tó ń gbẹ́ gọ́tà. "Afòdolélẹ̀, mi ò ní kí o kí mi. Ìbéèrè kan ni mo ní. A ti lé olè náà lọ. Kí ló dé tí nǹkan yìí ò kúrò?"

Mojírádé wo àpótí òṣùwọ̀n bíi pé iṣẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀.

"Nígbà tí ọmọrí yìí kọ́kọ́ ṣí," obìnrin náà ń bọ́rọ̀ lọ, "wọ́n ní ẹnì kan láàárín wa ló ń jí iná, pé òun ni òdo fi hàn. A wá a. A tú ilé ara wa. A ní télọ̀ ni, a gba ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Kò kúrò. A ní ẹni tó ní fìríìjì ni, a fọ́ fìríìjì rẹ̀. Kò kúrò. Wọ́n wá ní ọmọ mi ni, torí pé ó mọ rédíò tún ṣe. Èmi ni mo di ẹrù rẹ̀ fún un. Mo ní, Bángbádé, máa lọ, kára ó tu àdúgbò. Ó lọ. Ara wá dà?" Ó fi ṣọ́bìrì tọ́ka sí ọmọrí. "Tí olè mìíràn bá ṣì kù, sọ ọ́. Ká lé òun náà."

Àwọn mìíràn nínú ìlà náà mi orí. Wọn kò bínú. Ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn. Wọ́n dúró bí ẹni tó ń retí kí dókítà dárúkọ egbòogi. Mojírádé rí ọkùnrin kan tó yọ́ ojú wo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń wò ó láti òkè délẹ̀, ó ń ṣírò rẹ̀. Mojírádé gbé itọ́ mì, itọ́ náà sì dà bíi gọ́tà lẹ́nu rẹ̀.

"Ká máa lọ," ó sọ fún Fágbèmí.

*

Agbo-Ọsàn ló kàn. Níbẹ̀, wọn kò kọ ẹ̀yìn sí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti jáde, wọ́n ti kun ọmọrí wọn ní ọ̀dà funfun. Bí abẹ́rẹ́ ti dùbúlẹ̀ láìmira, wọ́n pàtẹ́wọ́.

"Afòdolélẹ̀, a mọ́, àbí a ò mọ́?" obìnrin kan kígbe.

"Ẹ mọ́," Mojírádé dáhùn, gẹ́gẹ́ bí òfin.

"A kú oríire o! Ṣùgbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹ ò bínú? Ẹ ń rùn."

Fágbèmí wo bàtà ara rẹ̀. "Ìgbẹ́ yín ni, Màmá," ó sọ pẹ̀lú ẹ̀rín. "Àwa kàn ń bá yín gbé e kiri ni."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tí wọ́n sọ àpárá fún. Kò wọ̀ ọ́ létí rárá.

Mojírádé jókòó sórí òkúta kan lẹ́yìn àdúgbò náà, ó bọ́ bàtà, ó gbọn ọ́n. Ó pẹ́ tó ti fẹ́ràn iṣẹ́ yìí. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń tú òṣùwọ̀n tó ti bàjẹ́, tó ń dà wọ́n sórí tábìlì, tó ń wò ó títí tó fi yé e. Ohun tó kọ́kọ́ mú orí rẹ̀ wú ni pé òṣùwọ̀n kì í sọ bí iná ti ga tó níbì kan. Kò mọ̀ ọ́n. Ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ ni bí ibí ṣe ga ju ọ̀hún lọ. Ibi tí a bá pè ní òdo, ibẹ̀ ni òdo. A lè yí kẹ̀kẹ́ àdúgbò kan kí gbogbo òṣùwọ̀n inú rẹ̀ máa ka ohun tó ga ju ti àná lọ, síbẹ̀ kò sí gílóòbù kan níbẹ̀ tó máa ṣẹ́jú. Fáàn á máa yí lọ. Ìrẹsì á máa sè. Orúkọ lásán ló yí padà.

Ó gbà á bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ tí wọ́n dá Òòfà Ńlá dúró láti fi gíríìsì sí i. Òòfà Ńlá ni ẹ̀rọ tó wà nínú Ilé-Àárín, láàárín gbùngbùn Òrùka, tí gbogbo ìlú ń jẹ iná lára rẹ̀. Mojírádé wà ní ẹnubodè Ìsàlẹ̀-Ẹrẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí iná ti kú, abẹ́rẹ́ tó ti lẹ̀ mọ́ ìpẹ̀kun láti ọjọ́ pípẹ́ wálẹ̀, ó sùn. Ọmọrí pa dé, wọ́n sì gbọ́ gbàù. Nígbà tí òòfà tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí, abẹ́rẹ́ tún fò dìde. Olè wo ló ń sinmi nígbà tí wọ́n bá ń fi gíríìsì sí ẹ̀rọ ìjọba?

Lẹ́yìn ìyẹn ló fi òru ṣe ọ̀sán, tó fi wáyà ṣe òrùka kékeré sórí tábìlì rẹ̀, tó gbé òòfà sáàárín rẹ̀, tó ń yí i. Ó wọn wáyà náà láti ìṣó dé ìṣó. Ìṣó kejì ga díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìkẹta ga díẹ̀ ju ìkejì lọ. Bẹ́ẹ̀ ló ń gùn lọ títí ó fi yíká dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ìṣó kan náà gan-an, òṣùwọ̀n sì ní ó ti ga ju ara rẹ̀ lọ. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó dà bí àtẹ̀gùn tí ènìyàn ń gùn yíká ilé, tí kò sọ̀ kalẹ̀ níbì kankan, tó tún bára rẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn tó ti jáde.

Òòfà tó ń yí láàárín ló ń ti iná yíká, bí ọmọrogùn ṣe ń ti ẹ̀kọ yíká nínú ìkòkò. Tí ènìyàn bá ń ro ẹ̀kọ, tó wá ń bèèrè apá ibi tó ga jù nínú rẹ̀, ìbéèrè náà ni kò mọ́gbọ́n dání. Mojírádé yí kẹ̀kẹ́ òdo kéékèèké tó ṣe sí ìṣó kọ̀ọ̀kan. Ó pa gíga àkọ́kọ́ rẹ́, ó lọ hàn ní ìṣó kejì. Ó pa tìkejì rẹ́, ó lọ hàn ní ìkẹta. Ó ń gbá a lọ báyìí, bí ẹni tó ń gbá eruku láti yàrá dé yàrá nínú ilé tí kò ní ilẹ̀kùn àbájáde. Ó lè kó gbogbo rẹ̀ jọ síbi kan. Ó lè há a káàkiri. Ohun tí kò lè ṣe ni kó pa á tán, àfi tó bá dá òòfà dúró.

Ó bá jókòó, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Àṣẹ́kù tí wọ́n ń pè ní olè nìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbá a lọ sí Ìsàlẹ̀-Ẹrẹ̀ lọ́dọọdún, níbi tí wọ́n bá ti ní kó gbá a sí.

*

Olóyè Látúnjí, olórí Ilé-Àárín, ń jẹun nígbà tí Mojírádé wọlé. Wọ́n ti fi tùràrí sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yàrá náà. Ẹran yíyan ló wà níwájú rẹ̀, ọ̀rá rẹ̀ sì ti ṣàn dé ọrùn ọwọ́.

"Jókòó síbẹ̀ yẹn," ó sọ, ó ń tọ́ka sí àga tó wà lẹ́nu ọ̀nà. "Má sún mọ́bí. Ṣé o ti yí ìlú ká?"

"Mo ti yí i ká, Olóyè. Ọ̀la ló yẹ kí n fi òdo lélẹ̀. Mo wá sọ fún yín pé kò sí olè kankan ní Ìsàlẹ̀-Ẹrẹ̀."

"Mo mọ̀."

Mojírádé ti to ọ̀rọ̀ jọ sẹ́nu. Ó ti di àpèjúwe lẹ́rù wá, ẹ̀kọ àti ọmọrogùn, àtẹ̀gùn tó yí ilé ká. Gbogbo rẹ̀ di òfo sí i lẹ́nu.

"Ẹ mọ̀?"

"Òòfà ló ń fà á. Ta ni ò mọ̀? Bàbá mi wà nínú àwọn tó gbé e kalẹ̀." Olóyè ya ẹran sọ́tọ̀ lára egungun, ó wò ó, ó jù ú sẹ́nu. "Ṣé o fẹ́ kí n pa á ni? Kí aláboyún máa bímọ nínú òkùnkùn?"

"Mi ò ní kí ẹ pa á. Kí ló dé tí ẹ fi ń pe àwọn ènìyàn yẹn ní olè?"

"Èmi? Èmi ò pe ẹnikẹ́ni ní olè rí. Òdo ló ń pè wọ́n." Ó ń fi èékánná yọ fọ́nrán ẹran láàárín eyín. "Fetí sílẹ̀, Mojírádé, torí o gbọ́n, mo sì fẹ́ràn rẹ. Ìgbẹ́ gbọ́dọ̀ gba ibì kan lọ. Tó o bá bẹ àdúgbò kan pé kó gbà á, á bá ọ jà. Ṣùgbọ́n sọ fún un pé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni. Á fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ gọ́tà fún ọ. Kò ní bá ọ jà mọ́, ara rẹ̀ láá máa bá jà."

Ó yọ fọ́nrán náà, ó wò ó lórí èékánná rẹ̀, ó tún jẹ ẹ́. Mojírádé yíjú kúrò.

"Fi í sílẹ̀ níbi tó wà lọ́dún yìí," Olóyè sọ. "Ó ti mọ́ wọn lára."

"Ó ń pa wọ́n, Olóyè. Ibà jẹ̀funjẹ̀fun ti wọ gbogbo ilé wọn."

"Àánú wọn ń ṣe ọ́? Kò burú. Sún un sí ẹnubodè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Òkè-Yangí." Ó nu ọwọ́ sára aṣọ funfun kan, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ṣé ibẹ̀ kọ́ ni ìyá rẹ ń gbé? Lọ rò ó. Ọ̀kan nínú méjèèjì."

*

Ìyá Mojírádé ń sá aṣọ nígbà tó dé Òkè-Yangí láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun ló kún orí okùn, afẹ́fẹ́ òkè ń fẹ́ wọn, wọ́n ń run ọṣẹ. Ẹ̀dọ̀fóró ìyá náà kò dá ṣáṣá mọ́. Ó ń sinmi láàárín aṣọ kan sí èkejì.

"Wọ́n ní ẹ lọ sí ọ̀hún lánàá," ó sọ. "Ṣé o wẹ̀? Wẹ̀ dáadáa kí o tó fọwọ́ kan aṣọ mi."

"Mo wẹ̀, Màmá."

"Wọ́n tún ń sọ kiri pé ó lè ṣí wá síbí lọ́dún yìí. Má jẹ́ kó wá o. Kó máa wà lọ́dọ̀ àwọn olè yẹn."

"Wọn kì í ṣe olè, Màmá."

"Kí ni wọ́n wá ń ṣe nínú ìgbẹ́?"

Ó sọ ọ́ láìní ìkà nínú, bí ẹni tó ń bèèrè ohun tí ọmọ kékeré mọ̀. Ó gbọn aṣọ mìíràn, ó sá a. Mojírádé dúró láàárín aṣọ funfun náà. Ó ti rò pé òórùn Ìsàlẹ̀-Ẹrẹ̀ lohun tó burú jù tí imú òun lè gbà. Èyí tún wá burú jù ú lọ, kò sì ní òórùn kankan.

Bó bá sún àṣẹ́kù wá síbí, aṣọ wọ̀nyí á dúdú, ìyá rẹ̀ kò sì ní rí ìparí òjò. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwọn ará Òkè-Yangí á ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá olè láàárín ara wọn. Ó lè sọ ilé tí wọ́n máa kọ́kọ́ tú. Bó bá sì fi í sílẹ̀ ní Ìsàlẹ̀-Ẹrẹ̀, wọ́n á lé ọkùnrin tí wọ́n ń yọ́ wò lánàá. Olóyè ní ọ̀kan nínú méjèèjì. Bí Olóyè ti ń fi irọ́ gbogbo ìlú jẹun, ó ti gbàgbé bí bàbá rẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe to kẹ̀kẹ́ òdo níbẹ̀rẹ̀.

"Fágbèmí," ó sọ nígbà tó jáde. "Gbé àpótí. Gbogbo ẹnubodè la máa dé."

"Síbo la ń gbé e lọ, ọ̀gá?"

"Kò síbì kan. A máa dá kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan padà síbi tó wà nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e dé, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án."

Fágbèmí ronú díẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà bó ti ń yé e. "Díẹ̀díẹ̀ á wá hàn níbi gbogbo."

"Díẹ̀díẹ̀ ti wà níbi gbogbo tẹ́lẹ̀. Àwa la ń gbá a jọ."

"Ilé tèmi wà ní Ìdí-Àràbà o," Fágbèmí sọ. Lẹ́yìn náà ó gbé àpótí lé èjìká. "Ìyàwó mi á pa mí."

Ẹnubodè Òkè-Yangí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ó ṣí gíláàsì, ó di kẹ̀kẹ́ mú, ó dá a padà títí ó fi dún kẹ́. Gílóòbù tó wà lókè orí wọn kò ṣẹ́jú. Abẹ́rẹ́ tó ti ń sùn gbórí díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ lójú oorun, ọmọrí sì là níwọ̀n ìbú ìka ọwọ́. Wọ́n lọ sí ẹnubodè tó kàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ní Agbo-Ọsàn, ọ̀dà funfun tí wọ́n fi kun ọmọrí ya bí ìwé. Nígbà tí wọ́n yíká dé Ìsàlẹ̀-Ẹrẹ̀, abẹ́rẹ́ tó ti lẹ̀ mọ́ ìpẹ̀kun wálẹ̀ jẹ́jẹ́, ó dúró ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú ti gbogbo ìlú. Ọmọrí ńlá tó ti dípẹtà náà ń dún bó ti ń padé. Ó kù ìbú ìka ọwọ́ kan. Àwọn tó ń gbẹ́ gọ́tà dúró pẹ̀lú ṣọ́bìrì lọ́wọ́, wọ́n ń wò ó. Wọ́n gbàgbé láti kọ ẹ̀yìn.

*

Kí oòrùn tó mú, gbogbo Òrùka ti ń rùn.

Wọ́n rọ́ wá sí iwájú Ilé-Àárín, àdúgbò lẹ́yìn àdúgbò, aṣọ lẹ́nu, aṣọ nímú. Àwọn kan ń bì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Obìnrin Agbo-Ọsàn tó ní kí wọ́n dúró lọ́ọ̀ọ́kán ń sunkún pé ó ti dé ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn òun. Àwọn ará Ìsàlẹ̀-Ẹrẹ̀ náà wá. Àwọn nìkan ni kò bo imú.

Olóyè Látúnjí jáde, ó ti fi ìbòrùn sílíìkì wé ìdajì ojú rẹ̀.

"Mojírádé, dá a padà."

"Síbo, Olóyè?"

"O mọ ibẹ̀."

"Mi ò mọ̀ ọ́n," Mojírádé gbóhùn sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́. "Kẹ̀kẹ́ ò mọ̀ ọ́n. Òdo ò mọ̀ ọ́n. Mo lè gbé gbogbo ìgbẹ́ yìí lọ síwájú ilé ẹnikẹ́ni tó dúró síbí, iná ilé rẹ̀ kò ní dín, kò ní lé. Ibi tí wọ́n bá ní kí n gbé e sí ni mo ń gbé e sí láti ọjọ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ilé yìí ló ń rán mi. Bó bá wù yín kí n kó o jọ síbì kan, ẹ dárúkọ ibẹ̀."

Ariwo sọ.

"Ìdí-Àràbà ni kó gbé e lọ!"

"Ìdí-Àràbà bàbá ta ni? Agbo-Ọsàn tó ń jẹun jù ni kó gbà á! Àwọn ló ń yàgbẹ́ jù!"

"Ẹ má gbé e wá sí Òkè-Yangí o!" Mojírádé mọ ohùn yẹn. Kò bojú wẹ̀yìn. "Ẹ jọ̀ọ́ o, Olóyè, ẹ má gbé e wá sọ́dọ̀ wa!"

Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ìbú ìka ọwọ́ kan ni gbogbo wọn fi ń sunkún, níwájú àwọn tó ti ń wẹ̀ nínú rẹ̀.

Olóyè gbé ọwọ́ sókè. Eṣinṣin kan bà lórí ìbòrùn rẹ̀, ó lé e, ó tún padà bà síbẹ̀. "Ìsàlẹ̀-Ẹrẹ̀," ó sọ. "Gbé e padà sí Ìsàlẹ̀-Ẹrẹ̀."

Gbogbo wọn mí kanlẹ̀. Ó dún bí ìgbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbé ẹrù sọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mojírádé gbọ́ ti ìyá rẹ̀ láàárín rẹ̀, ó gbọ́ bó ṣe ń fọn díẹ̀ ní ìparí. Ó fẹ̀yìn ti àpótí òṣùwọ̀n, ó sì bì.

"Ó yá, lọ yí i," Olóyè sọ.

Ó nu ẹnu rẹ̀. "Mi ò ní yí i."

"Fágbèmí! Ìwọ náà mọ kẹ̀kẹ́ yẹn í yí."

Fágbèmí ṣí ìbòmú rẹ̀ díẹ̀. "Mo mọ̀ ọ́n, Olóyè. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ dárúkọ ibẹ̀, ẹ wá yí i fúnra yín. Kò jìnnà. Èmi á bá yín gbé àpótí. Ẹ kàn wọ bàtà gígùn wá."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín láàárín àwọn ènìyàn. Nígbà tí ẹ̀rín náà tán, wọ́n rí i pé Ìyá Bángbádé ti ń bọ̀ láàárín wọn. Àyè ń ṣí fún un; kò sẹ́ni tó fẹ́ kó kan òun. Ó ń rìn bí ẹni tó ń jí bọ̀ lójú oorun.

"Ẹnu ni?" ó ń sọ. "Ẹnu lásán ni?"

Ó ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bó ti ń kọjá.

"Kì í ṣe òdo? Ẹnu ló ń sọ ọ́? Báyìí?" Ó dé iwájú Olóyè. Ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbé ọwọ́, ó wo apá obìnrin náà, ó wo ohun tó gbẹ mọ́ ọn títí dé ìgúnpá, ó sì rẹ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ìyá Bángbádé na ọwọ́ sókè. Ó wá etí ìbòrùn sílíìkì náà, ó tú u jẹ́jẹ́, bí ìyá tó ń ṣí aṣọ lójú ọmọ tó sùn, ó fà á wálẹ̀ dé ọrùn. Imú Olóyè yọ síta, ètè rẹ̀ náà yọ, ó ti sé èémí pinpin, iṣan ọrùn rẹ̀ sì ń dìde. Gbogbo ìlú ń wò ó.

"Ẹ mí, Olóyè," obìnrin náà sọ. "Mo ń dúró. Ẹ mí."